Àkáǹtì Yín Ṣèèṣì Wọ Gbèsè, Báńkì Sì Ti Yọ Ṣájì: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbà Á Padà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pe báńkì nítorí ṣájì tí wọ́n yọ lórí overdraft, ìyẹn gbèsè tí àkáǹtì wọ̀ nígbà tí owó tó jáde ju èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ, tí wọ́n á jà títí lórí fóònù, tí wọ́n á sì gbé e sílẹ̀ láìrí nǹkan kan gbà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni báńkì ń kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó pè ni kò mọ iye ṣájì tó wà níbẹ̀, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, kò sì mọ ohun tó fà á. "Ẹ ti jẹ owó mi" nìkan ló rí sọ. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ẹni tó sáré san gbèsè náà lónìí, tí àkáǹtì rẹ̀ tún wọ gbèsè lọ́tùnla, torí pé ṣájì tí kò tíì jáde nígbà tó ń sanwó ló wá jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wà fún ni ẹni tí kò yá owó lọ́wọ́ báńkì, tí kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ná ju ohun tó ní lọ, ṣùgbọ́n tó jí lọ́jọ́ kan tó rí àmì ìyọkúrò níwájú bálánsì rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó. Ìgbésẹ̀ 1 àti 2 gbọ́dọ̀ ṣáájú ìjà.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín, èyí tí àwọn báńkì ń pè ní statement, láti nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ títí di òní. Fọ́tò ojú áàpù kò tó; bálánsì ìsinsìnyí ló ń fi hàn, kò sọ bí ẹ ṣe débẹ̀.
- Gbogbo àlẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù yín lásìkò náà. Ẹ má pa ìkankan rẹ́, kódà èyí tó ń bí yín nínú.
- Ìwé tí báńkì to iye ṣájì wọn sí. Ó máa ń wà lórí ìkànnì wọn tàbí ní ẹ̀ka.
- Àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ṣí àkáǹtì, pàápàá ibi tó ti mẹ́nu kan overdraft.
- Ìwé àti bírò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti ohun tó ṣèlérí.

1. Ẹ dá ohun tó ń fa owó dúró

Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ wo ohun tó tún fẹ́ jáde nínú àkáǹtì náà títí owó tuntun fi máa wọlé. Owó tí ẹ pàṣẹ pé kí báńkì máa san lóṣooṣù. Owó tí àwọn iléeṣẹ́ ń fà fúnra wọn látorí káàdì yín. Nǹkan tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ dán wò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ forúkọ sílẹ̀ fún, tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì ti pé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń bá èèyàn lójijì jù.

Ẹ dá èyí tó ṣeé dá dúró dúró. Èyí tí kò bá ṣeé dá dúró, ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tó yẹ kó jáde gan-an, torí pé àṣẹ ìsanwó ti sábà máa ń wà lọ́nà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Káàdì yẹn náà, ẹ gbé e sílẹ̀ ná.

Ibi méjì ni àwọn èèyàn ti ń ṣìnà níbí. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ní kí báńkì má san owó iléeṣẹ́ kan mọ́, ìyẹn kò pa àdéhùn tó wà láàárín ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ náà rẹ́. Gbèsè tiwọn ṣì wà lọ́rùn yín, ẹ bá àwọn náà sọ̀rọ̀. Ìkejì, bí ẹ bá ní àkáǹtì méjì ní báńkì kan náà, ọ̀pọ̀ àdéhùn ló gba báńkì láyè láti fa owó látinú èyí tó ní owó wá dí èyí tó jẹ gbèsè. Tó bá jẹ́ owó ilé ló wà nínú àkáǹtì kejì, ẹ tètè jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí ojú ibi tí áàpù to àwọn owó tí ẹ fẹ́ san sí. Kò gbọdọ̀ sí ìkankan tí ọjọ́ rẹ̀ máa pé kí owó tó ń wọlé fún yín tó dé. Àwọn tó ń fà á látorí káàdì lè má hàn níbẹ̀ o. Statement oṣù tó kọjá ló máa sọ ọjọ́ tiwọn fún yín.

2. Ẹ dí gbèsè náà, kí ẹ sì lé e sí

Ká ní −340 ni áàpù ń fi hàn. Ọ̀pọ̀ á san 340 géérégé, wọ́n á sì mí kanlẹ̀. Kì í sábà tó. Ṣájì lè má jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ohun tó fà á. Èlé ní tirẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀, àmọ́ ó sábà máa ń di ìparí oṣù kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí ṣájì 150 bá ń bọ̀ lọ́nà, tí ohun tí ẹ fi káàdì rà ní 200 kò sì tíì jáde, 340 tí ẹ san yẹn á gbé yín dé òdo fún ọjọ́ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ẹ óò tún bá ara yín ní −350. Ṣájì tuntun tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iye tó yẹ kí ẹ san ni 340 pẹ̀lú 150 pẹ̀lú 200, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e nítorí èlé. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó ń bọ̀, ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi báńkì lọ́jọ́ yìí: "Ẹ jọ̀wọ́, èló ni ṣájì àti èlé tó ti wà lórí àkáǹtì mi tí kò tíì jáde?" Ẹ má tíì rojọ́. Ẹ gba iye yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Aago náà ṣe pàtàkì. Àwọn báńkì kan kì í yọ ṣájì bí owó bá ti wọlé kí wọ́n tó ti ìwé ọjọ́ náà, wọ́n sì máa ń kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé ṣájì wọn. Ṣẹ́ẹ̀kì ò lè gbà yín nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ó di ìgbà tí owó rẹ̀ bá wọlé tán kí wọ́n tó kà á. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ látinú àkáǹtì míì tàbí owó tí ẹ lọ kà sílẹ̀ ní báńkì ló yá.

Tí owó kò bá sí ńkọ́? Ẹ pe báńkì lónìí náà, ẹ sọ pé ẹ kò ní rí i san lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì béèrè ohun méjì: kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì dá ṣájì àti èlé dúró ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá fi ń san án. Tèmi ni pé ẹ má lọ yáwó lórí áàpù tó ń yá èèyàn lówó kíákíá láti fi dí i. Èlé àwọn yẹn sábà máa ń ju ti báńkì lọ fíìfíì, gbèsè méjì ni ẹ óò wá máa bá yí dípò ọ̀kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méjì, àti ní ọjọ́ kejì tí oṣù bá parí. Bí bálánsì kò bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo nígbà méjèèjì, ihò ti dí.

3. Ẹ tú ṣájì náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ibí yìí ni wọ́n ti ń rí owó gbà padà, ibí yìí náà sì ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ fa ìlà sórí ìwé: ọjọ́, ohun tí owó bá lọ, iye rẹ̀, bálánsì ṣáájú, bálánsì lẹ́yìn, ṣájì tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá máa da statement sínú rẹ̀.

Oríṣiríṣi ni ṣájì tí ẹ óò rí. Èyí tí báńkì yọ torí pé wọ́n bá yín san ohun tí owó yín kò ká. Èyí tí wọ́n yọ torí pé wọ́n kọ̀ láti san án, tí wọ́n dá a padà. Èlé. Ní ibòmíì, owó orí lórí ṣájì. Ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ ní "ṣájì" lásán, nítorí ìdí tí ẹ lè fi béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan padà yàtọ̀.

Ẹ wo ti èyí tí wọ́n dá padà dáadáa. Bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ fa owó tí kò sí, wọ́n lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta. Bí báńkì bá yọ ṣájì nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ti san ṣájì mẹ́ta lórí gbèsè kan ṣoṣo. Nínú gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn lè mú lọ bá báńkì, èyí wà lára àwọn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Ohun kejì ni bí báńkì ṣe to àwọn ìnáwó náà tẹ̀ léra. Ká ní 1,000 ló wà nínú àkáǹtì. Láàárọ̀, ẹ ná 100, ẹ ná 150, ẹ ná 200. Ní ìrọ̀lẹ́, 900 jáde. Bí báńkì bá tẹ̀ lé bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìnáwó mẹ́ta àkọ́kọ́ á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, 550 á ṣẹ́ kù, 900 nìkan ló máa gbé yín dé −350. Ṣájì kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá to èyí tó tóbi jù síwájú, 900 á kọ́kọ́ jáde, á ku 100. Lẹ́yìn ìyẹn, 200 á wọ gbèsè, 150 á wọ gbèsè, 100 náà á wọ gbèsè. Ibi kan náà lẹ bára yín, −350, àmọ́ ṣájì ti di mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ báńkì lọ sílé ẹjọ́ nítorí irú ètò yìí. Ẹ fi aago orí àlẹ́ẹ̀tì wé bí statement ṣe tò wọ́n. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ sàmì sí i.

Ẹ̀kẹta ni owó tí wọ́n dì mú. Bí ẹ bá fi káàdì sanwó ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé epo, báńkì lè kọ́kọ́ di iye kan mú, kí iye gidi tó dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nígbà míì wọ́n á ti tú èyí tí wọ́n dì mú sílẹ̀, tí iye gidi kò sì tíì dé. Áàpù á ní owó wà. Ẹ óò ná an. Iye gidi á wá dé bá òfìfo. Bí statement bá fi hàn pé owó wà fún ìlò lọ́jọ́ tí ẹ fi káàdì rà á, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: "owó wà nígbà tí mo ra nǹkan yìí."

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: gbogbo ṣájì gbọ́dọ̀ ní ìnáwó kan pàtó tó bí i, àròpọ̀ wọn lórí ìwé yín sì gbọ́dọ̀ bá ti statement mu. Ṣájì tí kò bá ní ìyá, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá pè wọ́n.

4. Ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀tọ́ lẹ ń béèrè tàbí àánú

Báńkì lè jẹ̀bi: wọ́n yọ owó kan lẹ́ẹ̀mejì, ATM kò pọ owó fún yín ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ nínú àkáǹtì, owó tó wọlé fún yín há sọ́dọ̀ wọn. Nírú èyí, ẹ má kàn béèrè owó àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ béèrè gbogbo ṣájì àti èlé tí àṣìṣe yẹn bí. Tí wọ́n bá dá owó ATM padà, wọ́n lè má rántí ṣájì tó tẹ̀ lé e àfi tí ẹ bá sọ ọ́.

Báńkì sì lè má ṣe àṣìṣe lórí ìnáwó, kí ó yọ ju iye tó kọ sínú ìwé tirẹ̀, tàbí kí ó yọ ohun tí òfin kò gbà. Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin 2020, báńkì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa yọ iye pàtó lójúmọ́ tàbí lóṣù lórí overdraft. Èlé nìkan ni wọ́n lè gbà, overdraft tí ẹ kò tọrọ kò sì gbọdọ̀ wọ́n ju èyí tí ẹ tọrọ lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 2010, báńkì kò gbọdọ̀ yọ ṣájì overdraft lórí owó ATM tàbí ohun tí ẹ fi káàdì rà lẹ́ẹ̀kan àfi tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i ṣáájú, àmọ́ òfin yẹn kò kan ṣẹ́ẹ̀kì àti owó tí wọ́n ń fà lóṣooṣù. Ní Nàìjíríà, Báńkì Àpapọ̀, CBN, ló ń gbé ìwé jáde lórí iye tí báńkì lè yọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé, àánú lẹ ń béèrè. Kò sì burú rárá. Báńkì máa ń ṣe é, pàápàá fún ẹni tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí èèyàn da méjèèjì pọ̀, kí ó máa bẹ̀bẹ̀ nínú gbólóhùn kan, kí ó sì máa fẹ̀sùn olè kan wọn nínú èyí tó tẹ̀ lé e.

5. Ẹ pè wọ́n

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín tàbí lórí ìkànnì báńkì gangan ni kí ẹ pè. Ẹ má lọ pariwo rẹ̀ lórí Facebook. Àwọn oníjìbìtì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹni tó bá ń ráhùn. Wọ́n á fi orúkọ báńkì dá yín lóhùn, wọ́n á ní ẹ mú PIN àti nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín wá kí wọ́n lè dá ṣájì padà. Òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kò nílò PIN yín.

Ẹni tó gbé fóònù kọ́ ló yọ owó yín. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àkáǹtì mi ṣèèṣì wọ gbèsè ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, mo sì ti dí i ní ọjọ́ karùn-ún. Wọ́n yọ ṣájì mẹ́ta, 150 lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn jẹ́ lórí owó iléeṣẹ́ kan náà tí wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà."

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó wò ó. Tí ó bá ní ọ̀kan ni òun lè dá padà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bi í pé, "Méjì tó kù ńkọ́ mà? Ta ló lágbára láti wò ó?" Àwọn tó ń gbé fóònù sábà máa ń ní iye tí àṣẹ wọn mọ, ọ̀gá wọn ló lè kọjá rẹ̀.

Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn àti ọjọ́ tí owó máa wọlé. Tí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ gbà pé wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

6. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ̀wé

Ímeèlì tó. Ojú ìwé kan tó pẹ̀lú, torí ẹni tó máa kà á ní ọgọ́rùn-ún míì níwájú rẹ̀:

"Sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀sùn mi dá lórí ṣájì tí ẹ yọ lórí àkáǹtì nọ́ńbà … láàárín ọjọ́ … sí ọjọ́ …, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ … . Mo pe báńkì ní ọjọ́ …, nọ́ńbà ẹ̀sùn mi ni … . Ìdí tí mo fi ń béèrè owó yìí padà ni … . Mo fi statement àti àlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ẹ dá àpapọ̀ owó náà àti èlé tó gorí rẹ̀ padà. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ ibi tí mo lè gbé ẹ̀sùn náà lọ."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ yọ kúrò, torí pé ìdáhùn tí wọ́n bá kọ ni ẹ óò mú lọ sókè. Ní Gẹ̀ẹ́sì, báńkì ní ọ̀sẹ̀ 8 láti dáhùn; bí ìdáhùn náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní oṣù 6 láti gbé e lọ fún Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń yanjú aáwọ̀ láàárín báńkì àti oníbàárà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Nàìjíríà, báńkì lẹ máa kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, kí ẹ tó gbé e lọ bá CBN. Ẹ wo èyí tó jẹ́ ti ibi tí ẹ wà, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ má fi ìbínú pa àkáǹtì náà tì lásìkò yìí. Gbèsè tó wà lórí àkáǹtì tí ẹnì kan kò wò mọ́ kò ní dúró sójú kan.

7. Nígbà tí owó bá wọlé

Ìlérí kì í ṣe owó. Ẹ gba statement tuntun, kí ẹ wá ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi dá ṣájì padà, kí ẹ fi wé ìwé tí ẹ fa ìlà sí ní ìgbésẹ̀ 3. Ẹ wo èlé pẹ̀lú, òun ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè pa overdraft tí ẹ kò tọrọ yẹn lórí àkáǹtì yín. Ó ní ibi tó kù sí o: tí owó kò bá tó, wọ́n á kọ ìsanwó náà ni, iléeṣẹ́ tí ẹ jẹ lówó sì lè bu owó ìtanràn tiwọn lé e. Fún ẹni tí owó ilé tàbí owó iná ń jáde látinú àkáǹtì náà, mo rò pé ó sàn kó kó àwọn ìsanwó oṣooṣù lọ sínú àkáǹtì kan tí kò ní káàdì, kó sì pa overdraft lórí èyí tó fi ń ná owó lójoojúmọ́. Ẹ tan àlẹ́ẹ̀tì tó ń sọ fún yín bí owó bá ti ń tán, kí iye tí ẹ fi sí i ju ìsanwó oṣooṣù tó tóbi jù lọ, torí pé àlẹ́ẹ̀tì tó dé nígbà tó ku 10 kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, ẹ gba ẹ̀dà tiyín lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì. Bó bá ṣe pé àṣìṣe báńkì ni, tí gbèsè náà sì ṣì wà níbẹ̀, báńkì ló yẹ kó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn àtijọ́ náà béèrè rẹ̀, ẹ má ṣí tuntun.